Mò ń mú màmá wa lọ sí The Grove ní Los Angeles: kí ni ká ṣe, kí ni ká jẹ, ibo la ó jókòó sí?

ỌmọPàkátà (Ìlọrin)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ọmọ Kwárà nílé lóko. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Àbúrò mi obìnrin tó wà ní Los Angeles bímọ, èmi àti màmá wa sì ti rí físà gbà. Ìparí oṣù kọkànlá la ó gbéra, bí Ọlọ́hun bá fẹ́. Àbúrò mi ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé òun máa mú wa lọ síbì kan tí wọ́n ń pè ní The Grove, ibi ìnájà àti ìjẹun àwọn olówó. Kò dà bíi mọ́ọ̀lù tí wọ́n fi òrùlé bò, ìta gbangba ni, èèyàn á kàn máa rìn láàárín àwọn ṣọ́ọ̀bù. Mo ti wo fọ́tò rẹ̀, ó rẹwà.

Àmọ́ màmá wa ti lé ní àádọ́rin ọdún, orúnkún sì ń dùn wọ́n. Wọn kì í jẹ ẹran tí wọn ò bá mọ bí wọ́n ṣe dúńbú rẹ̀. Ọjà Ìpàtà ni wọ́n ti ta èlò ọbẹ̀ títí wọ́n fi tọ́ gbogbo wa yanjú, wọ́n mọ iyì owó. Nígbà tí mo sọ fún wọn, ohun tí wọ́n bi mí ni pé, "Ṣé ibi tí wọ́n ti ń ta báàgì kan ní iye tí wọ́n ń ta màálù lẹ fẹ́ mú mi lọ?" Mi ò fẹ́ kí àbúrò mi náwó tán kí ojú màmá sì kọ́rẹ́ lọ́wọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti débẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i. Ọjọ́ wo ló dáa? Kí ni wọ́n lè jẹ? Ibo ni wọ́n ti lè kírun? Èló ló yẹ ká mú dání?

Nọ́ọ̀sì Ìgbàjà (Inglewood)

Ẹ kú oríire, ẹ sì kú ewu ọmọ. Ọlọ́run á wo ọmọ náà dàgbà.

Inglewood níbí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Los Angeles, ni mò ń gbé, mo sì mú ìyá tèmi lọ síbẹ̀ nígbà tí wọ́n wá láti Ìgbàjà. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mọ̀ ni pé ibi méjì ló fara ti ara wọn níbẹ̀, ní igun Third Street àti Fairfax Avenue. Ọ̀kan ni The Grove fúnra rẹ̀, tí Rick Caruso kọ́, tó ṣí lọ́dún 2002. Òun náà ló du ipò olórí ìlú Los Angeles lọ́dún 2022, tí Karen Bass fi ìbò borí rẹ̀. Ibẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù ńlá Nordstrom wà, ti Apple wà níbẹ̀, sinimá wà níbẹ̀, omi kan sì wà láàárín tó máa ń fò sókè, tó ń jó sí orin. Ìkejì ni Original Farmers Market, ọjà àtijọ́ tó ti wà níbẹ̀ láti oṣù keje ọdún 1934. Ọkọ̀ ojú irin kékeré alájà méjì kan ń gbé èèyàn láti ọ̀kan dé èkejì lọ́fẹ̀ẹ́. Tẹ́ ẹ bá sì fẹsẹ̀ rìn ín, kò jìnnà rárá.

Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń mú òbí lọ ló máa ń gba The Grove wọlé. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Inú Farmers Market ni kẹ́ ẹ gbà. Ìsọ̀ ń ti ìsọ̀ níbẹ̀, ọ̀nà àárín wọn tóóró, wọ́n to èso jọ gègèrè, alápatà wà níbẹ̀, oníbúrẹ́dì wà níbẹ̀. Àwọn àga aláwọ̀ ewé àti tábìlì kéékèèké wà káàkiri. Ẹ lè ra kọfí ní ìsọ̀ kan, kẹ́ ẹ ra oúnjẹ ní òmíràn, kẹ́ ẹ jọ jókòó sídìí tábìlì kan náà, ẹnikẹ́ni ò ní lé yín dìde. Ìyá mi dúró níwájú ẹni tó ń ta ọsàn, wọ́n mú ọ̀kan, wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n gbé e súnmọ́ imú, wọ́n dá a padà, wọ́n mú òmíràn. Nígbà tí wọ́n ṣa èyí tó tẹ́ wọn lọ́rùn tán, wọ́n ní kí n sọ fún ọkùnrin náà kó fi ènì sí i. Mo sọ fún un. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì ju kékeré kan sí i. Láti ìgbà náà ni ara ti tu ìyá mi, àwọn ló ń mú mi káàkiri, èmi kọ́ ni mò ń mú wọn.

ỌmọỌlálọmí (Ọ̀fà)

Nọ́ọ̀sì ti sọ òkodoro. Ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn ọjà náà kún un, torí ìyá tó bá ti tajà rí á fẹ́ gbọ́ ọ, ẹ máa sọ ọ́ fún wọn tẹ́ ẹ bá jókòó.

Ìdílé Gilmore ló ni ilẹ̀ ibẹ̀. Màálù ni wọ́n ń sìn fún wàrà, bí àwọn Fúlàní wa ṣe ń ṣe. Wọ́n ń gbẹ́ ilẹ̀ wá omi fún màálù, epo rọ̀bì ni wọ́n kàn. Bí wọ́n ṣe di olówó epo nìyẹn. Nígbà tó wá di 1934, tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà ti dẹnu kọlẹ̀, tí àgbẹ̀ ò rí ibi tà, àwọn ọkùnrin méjì kan, Fred Beck àti Roger Dahlhjelm, lọ bá Gilmore pé kó jẹ́ kí àwọn àgbẹ̀ máa gbé ọkọ̀ akẹ́rù wọn wá síbi ilẹ̀ tó ṣófo ní igun títì náà, kí wọ́n máa tà látẹ̀yìn ọkọ̀. Àádọ́ta sẹ́ǹtì ni owó ilẹ̀ lójúmọ́. Àwọn aráàlú ń wá, wọ́n ń ra tòmátò àti ẹ̀fọ́ lọ́wọ́ ẹni tó gbìn ín gan-an. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Blanche Magee rí i pé ebi ń pa àwọn tó ń tajà, ló bá ń gbé oúnjẹ ọ̀sán wá fún wọn. Ibẹ̀ ni ilé oúnjẹ ti bẹ̀rẹ̀ nínú ọjà yẹn. Ẹ sọ fún màmá pé olóúnjẹ ló sọ ọjà náà di ibi ìjẹun. Wọ́n á gbà, torí kò sí ọjà kan ní Kwárà tí olóúnjẹ kì í ṣe ẹ̀mí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ The Grove ni mi ò fi bẹ́ẹ̀ fara mọ́. Owó tí èèyàn mẹ́ta á fi jẹun nílé oúnjẹ kan níbẹ̀, ọmọ kan l'Ọ́fà á fi ra ìwé àti yunifọ́ọ̀mù. Ẹ wò ó, kẹ́ ẹ kọjá.

Nọ́ọ̀sì Ìgbàjà (Inglewood)

Ọmọ Ọ̀fà, ẹ ṣeun fún ìtàn yìí. Àmọ́ lórí owó, ẹ jẹ́ ká ro ti ọmọ tó wà lókè òkun náà. Ó ti ṣiṣẹ́ òru, ó ti sunkún nítorí ilé, kò sẹ́ni tó bá a gbé oyún. Ìyá rẹ̀ wá dé. Ó fẹ́ kí ìyá náà jókòó síbi tó dáa, kí wọ́n gbé oúnjẹ síwájú wọn, kí wọ́n rí i pé ìyà tí wọ́n jẹ ní Ìpàtà ò já sí asán. Ẹ má gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Kí wọ́n jẹun lẹ́ẹ̀kan níbẹ̀, kí wọ́n jẹ ẹ́ tọkàntọkàn. Ríra ọjà ni kí wọ́n má rà níbẹ̀.

Alhaja Ìdí-Àpẹ́ (Ìlọrin)

ỌmọPàkátà, ọ̀rọ̀ oúnjẹ màmá ni kí n bá ọ sọ, torí ó ká mi lára nígbà tí èmi náà lọ bá àwọn ọmọ mi.

Má ro pé ẹran nìkan ni ká ṣọ́ra fún. Ọ̀pọ̀ àwọn ará Mẹ́síkò máa ń fi ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ se ẹ̀wà wọn, ìwọ á sì rò pé ẹ̀wà lásán lò ń jẹ. Ọbẹ̀ míì wà tí wọ́n ń da wáìnì sí. Búrẹ́dì àti àkàrà òyìnbó, bi wọ́n ní irú òróró tí wọ́n fi dín in. Bí o bá bi wọ́n pé ṣé ẹlẹ́dẹ̀, ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ tàbí ọtí wà nínú rẹ̀, wọ́n á sọ òótọ́ fún ọ, kì í bí wọn nínú. Wọ́n ti mọ́ irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ lára, torí àwọn Júù náà pọ̀ ní àdúgbò Fairfax yẹn, àwọn náà kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀. Ohun tó máa ń rọrùn jù ni ẹja yíyan, ẹyin, ewébẹ̀ àti èso. Kí wọ́n wá gbé ata gígún kékeré kan sínú báàgì láti ilé. Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Oúnjẹ ibẹ̀ ò ta.

Ti ìrun: ẹ ṣe àlùwàlá nílé kẹ́ ẹ tó jáde, ó dáa fún àgbàlagbà ju kí wọ́n máa gbé ẹsẹ̀ sókè síbi ìfọwọ́ nílé ìgbọ̀nsẹ̀ ìta. Ọgbà ńlá kan tó ń jẹ́ Pan Pacific Park wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ The Grove gan-an, koríko ni, ó fẹ̀, ó dákẹ́. Ẹ tẹ́ ẹní níbẹ̀ kẹ́ ẹ kírun àìlà tàbí àlàásárì. Kí àbúrò rẹ wo ojú gábàsì lórí fóònù, torí láti Los Angeles, apá àríwá ni wọ́n ń kọjú sí, tó kàn tẹ̀ díẹ̀ sí ìlà oòrùn. Kì í ṣe bí a ṣe ń kọjú sí i n'Ílọrin. Tó bá jẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ lẹ jáde, Islamic Center of Southern California wà ní Vermont Avenue, King Fahad Mosque sì wà ní Culver City. Ọ̀rọ̀ kí arìnrìn-àjò dín ìrun kù, kí màmá bi àfáà wọn kí wọ́n tó kúrò nílé, kó má di àríyànjiyàn lọ́hùn-ún.

Ọmọ Tanke

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí màmá wọ aṣọ òfì! Ìlọrin la ti ń hun ún, ẹ má jẹ́ kí wọ́n wọ ṣẹ́ẹ̀tì òyìnbó lọ síbẹ̀. Àǹtí mi wọ tiwọn, àwọn òyìnbó ń dá wọn dúró pé aṣọ náà dáa. Ní ti kí wọ́n máa wò wọ́n bí ẹni tó ṣìnà, kò sí nǹkan tó jọ bẹ́ẹ̀. Gbogbo ẹ̀yà ayé ló ń rìn níbẹ̀.

Ìyàwó Pásítọ̀ (Òmù-Àrán)

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti owó, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn wa máa ń fara gbọgbẹ́.

Iye tí ẹ bá rí lára ọjà kọ́ lẹ ó san. Owó orí ọjà kì í sí nínú rẹ̀, ìgbà tẹ́ ẹ bá dé ọ̀dọ̀ agbowó ni wọ́n máa fi kún un. Ní ìlú Los Angeles, ìpín 9.75 nínú ọgọ́rùn-ún ni láti oṣù kẹrin ọdún 2025. Tí wọ́n bá kọ 20 dọ́là sára nǹkan, 21.95 lẹ ó san. Wọn kì í gba owó orí yẹn lórí èso àti oúnjẹ tútù tẹ́ ẹ bá rà lọ sílé, oúnjẹ gbígbóná ni wọ́n ń gbà á lé lórí.

Tẹ́ ẹ bá wá jókòó sílé oúnjẹ tí wọ́n ti ń gbé e wá bá yín, owó agbáwo tún wà níbẹ̀. Ìpín 15 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún ni àṣà wọn. Ẹ jẹ́ ká ní oúnjẹ ẹ̀yin mẹ́ta jẹ́ 60 dọ́là. Owó orí á jẹ́ 5.85, ti agbáwo á jẹ́ 9 sí 12 dọ́là. Ẹ ti sún mọ́ 75 sí 78 nìyẹn. Kẹ́ ẹ tó san, ẹ ka ìwé owó náà látòkè délẹ̀. Àwọn ilé oúnjẹ míì ti ń fi owó agbáwo kún un fúnra wọn, ẹni tí kò bá kà á á tún san òmíràn lé e. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ẹ̀gbọ́n mi kan nílé oúnjẹ kan lọ́hùn-ún, ó san ti agbáwo lẹ́ẹ̀mejì. Nínú Farmers Market, níbi tẹ́ ẹ ti ń fọwọ́ ara yín gbé oúnjẹ, wọ́n lè yí ẹ̀rọ sí yín kó máa béèrè ìpín mélòó lẹ fẹ́ fi sílẹ̀. Kì í ṣe dandan níbẹ̀. Ẹ fi ohun tó bá wù yín.

Omi: ẹ sọ pé omi ẹ̀rọ lẹ fẹ́, ọ̀fẹ́ ni. Tẹ́ ẹ bá kàn sọ pé "omi", wọ́n lè gbé ti inú ìgò wá, owó ni.

Ohun kan tó kù, ẹ bá mi bẹ màmá kí wọ́n má ṣírò rẹ̀ sí náírà nígbà tí oúnjẹ bá wà lẹ́nu. Ẹni bá ń ṣírò ò ní lè gbé e mì.

Ọmọ Òró (awakọ̀, Los Angeles)

Ẹ kú ìjíròrò. Èmi ń gbé èrò lọ síbẹ̀ déédéé, torí náà ọ̀rọ̀ ọ̀nà ni tèmi.

Ọjọ́ Ajé sí Ọjọ́bọ̀ láàárọ̀ ni kẹ́ ẹ lọ. Ìgbà tẹ́ ẹ fẹ́ wá yìí gan-an ni Thanksgiving, ọjọ́ ọdún ìdúpẹ́ àwọn ará Amẹ́ríkà, Ọjọ́bọ̀ kẹrin nínú oṣù kọkànlá, ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e sì ni gbogbo ayé ń ra ọjà ẹ̀dínwó. Ẹ má súnmọ́ ibẹ̀ láti ọjọ́ Jímọ̀ yẹn títí Sátidé àti Sọ́ńdè á fi kọjá. Mọ́tò á dúró gan-an, èèyàn á há, ibi ìjókòó ò ní sí fún àgbàlagbà.

Ẹ má fi báàgì tàbí fóònù sílẹ̀ níbi tójú ti lè rí i nínú mọ́tò. Wọ́n ń fọ́ gíláàsì ní ìlú yìí.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra aṣọ àti bàtà fún àwọn ará ilé, ẹ lọ sí Santee Alley ní àárín ìlú, ní ibi tí wọ́n ń pè ní Fashion District. Ìta gbangba ni òun náà, àmọ́ ìsọ̀ kéékèèké ni, wọ́n sì ń ná ọjà níbẹ̀! Màmá tó ti Ìpàtà wá á gbádùn ara wọn. Àwọn ṣọ́ọ̀bù ẹ̀dínwó Ross àti Marshalls náà dáa. Ẹ rántí pé ọkọ̀ òfuurufú á wọn ẹrù yín.

ỌmọPàkátà (Ìlọrin)

Ọlọ́hun á san yín lẹ́san rere. Mo ti ka gbogbo rẹ̀ sétí màmá. Ìtàn Blanche Magee yẹn ni wọ́n ní kí n tún kà. Wọ́n ní, "Obìnrin yẹn gbọ́n." Alhaja, wọ́n ti yọ ata sọ́tọ̀.

Ohun méjì ló kù. Orúnkún wọn: ṣé ibi ìjókòó àti ilé ìtura wà? Èkejì, àbúrò mi ní yìnyín máa ń já bọ́ níbẹ̀ lálẹ́. Ṣé Los Angeles náà ń rí yìnyín ni?

Nọ́ọ̀sì Ìgbàjà (Inglewood)

Yìnyín ayédèrú ni. Àwọn ni wọ́n ń fi ẹ̀rọ fọ́n ọn láti òkè lálẹ́, láti nǹkan bí àárín oṣù kọkànlá títí di ìgbà Kérésì, wọ́n á sì gbé igi Kérésì ràgàjì kan kalẹ̀ pẹ̀lú iná. Ọmọdé máa ń pariwo, àgbà náà ń gbé ojú sókè. Tí màmá bá fẹ́ rí i, ẹ dé lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kí mọ̀gàríbà, kẹ́ ẹ má pẹ́. Súwẹ́tà pọn dandan, kí ìbọ̀sẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ wọn. Ọ̀sán ibẹ̀ máa ń mú oòrùn, àmọ́ tí ilẹ̀ bá ti ṣú, ó máa ń tutù ju ọyẹ́ Ìlọrin lọ, orúnkún tó ń dunni ò sì fẹ́ràn òtútù.

Ibi ìjókòó wà, ilé ìtura wà ní ìhà méjèèjì, ó mọ́. Lọ́sàn-án, ẹ jókòó lápá ibi omi tó ń fò yẹn, ojú ọ̀nà náà tẹ́jú, kò ní òkè. Tí àbúrò yín bá ń gbé ọmọ jòjòló dání, kí ẹ̀yin di màmá mú, kí àwọn méjèèjì má dá rìn. Lọ́dọ̀ àwọn tó ń dá àlejò lóhùn ní The Grove, ẹ béèrè bóyá wọ́n ní àga oníkẹ̀kẹ́ tí wọ́n lè yá yín. Kì í ṣe ìtìjú. Tẹ́ ẹ bá ń padà, ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin kékeré yẹn. Ẹ bá mi rí i pé màmá lo oògùn orúnkún wọn láàárọ̀ lẹ́yìn oúnjẹ bí dókítà wọn ṣe kọ ọ́, kì í ṣe ìgbà tí ìrora bá dé.

ỌmọỌlálọmí (Ọ̀fà)

Nọ́ọ̀sì, mo ti gbọ́ tiyín lórí oúnjẹ yẹn. Ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára. Àmọ́ kí wọ́n jẹ ẹ́ nínú Farmers Market, kì í ṣe ní The Grove. Lórí ìyẹn, mi ò kúrò níbi tí mo wà.

Ọmọ Òró (awakọ̀, Los Angeles)

Ó kù díẹ̀. Tó bá jẹ́ mọ́tò ara yín lẹ gbé lọ, nígbà tẹ́ ẹ bá ra nǹkan, ẹ ní kí wọ́n bá yín tẹ òǹtẹ̀ sí tíkẹ́ẹ̀tì ibi ìgbọ́kọ̀sí, owó rẹ̀ á wálẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń gbàgbé béèrè. Tó bá jẹ́ ọkọ̀ ìlú, ẹ ra káàdì TAP tí wọ́n fi ń san owó ọkọ̀, 1.75 dọ́là ni ìrìn àjò kan, ẹ sì lè pààrọ̀ ọkọ̀ láàárín wákàtí méjì láìsan òmíràn. Bọ́ọ̀sì 217 ló ń gba Fairfax. Tí oúnjẹ òyìnbó bá sú màmá, ẹ tún wọ bọ́ọ̀sì kan náà lọ sí ìhà gúúsù, ẹ óò kan Little Ethiopia lórí Fairfax yẹn náà. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń jẹun níbẹ̀, ọbẹ̀ wọn ta, wọ́n sì ní èyí tí kò ní ẹran rárá. Tó bá wá jẹ́ àmàlà gan-an ni wọ́n ń béèrè, kí wọ́n fi lọ Nọ́ọ̀sì ní Inglewood. Àwọn ilé oúnjẹ Nàìjíríà wà lọ́dọ̀ wọn níbẹ̀.

ỌmọPàkátà (Ìlọrin)

Ó ti yé mi. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó bá tẹ̀ lé ìparí ọ̀sẹ̀ Thanksgiving la ó lọ, láàárọ̀. Farmers Market la ó gbà wọlé. Èmi ni màá ra ọsàn fún màmá. Àbúrò mi ló máa san owó oúnjẹ kan ṣoṣo, mo ti sọ fún un kó ka ìwé owó náà dáadáa. Sàńtéè yẹn, ó di ọjọ́ mìíràn.

Alhaja, ẹ jọ̀ọ́, irú ata wo lẹ gbé lọ, gbígbẹ tàbí èyí tẹ́ ẹ dín? Mo fẹ́ mọ èyí tí wọn ò ní gbà lọ́wọ́ wa ní pápákọ̀ òfuurufú.

Alhaja Ìdí-Àpẹ́ (Ìlọrin)

Gbígbẹ ni. Lọ̀ ọ́ kúnná, dì í sínú ọ̀rá tó nípọn, kó o kọ orúkọ rẹ̀ sára ọ̀rá náà lédè Gẹ̀ẹ́sì. Nínú ìwé tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ kún, ẹ sọ pé ẹ gbé oúnjẹ dání, ẹ má fi pamọ́ rárá, torí ìtànràn wà fún ẹni tó bá fi pamọ́. Ẹran gbígbẹ ni kẹ́ ẹ má dánwò. Kò sí ẹ̀bẹ̀ fún ìyẹn lọ́dọ̀ wọn.